Ogójì Ọdún Lẹ́yìn Kọ́lẹ́ẹ̀jì: Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Sẹ́ẹ̀tì Yín Lálejò ní Old GRA, Port Harcourt

Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́, a sì ti fojú ara wa rí i. Àwọn ọmọ tó wọ Form One lọ́dún 1981, tí wọ́n jọ ṣe WAEC ní 1986, ọdún 2026 ló pé ogójì ọdún gééré tí wọ́n ti fọ́n káàkiri. Àwọn tó wọlé tẹ̀ lé wọn ní 1982, nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì wà lára àwọn tó ṣe SSCE àkọ́kọ́ ní 1988, ọdún 2028 ni tiwọn máa pé. Ìdí nìyí tí fóònù yín kò fi sinmi mọ́. Ẹnìkan ti dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀, ó ti fi yín síbẹ̀ láì béèrè, ọ̀rọ̀ ìpàdé àtúnrí ọlọ́jọ́ mẹ́ta sì ti dé inú rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, ilé ni wọ́n máa ń ṣe é, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Adó-Èkìtì, àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ la sì máa ń wọkọ̀ lọ bá wọn. Ẹni tí kò bá lè lọ, fọ́tò ló máa rí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀tì ló ti ń sọ pé kí ìpàdé máa yí ká: lọ́dún yìí Èkó, lọ́dún tó ń bọ̀ Àbújá, èyí tó tẹ̀ lé e ìlú míì. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Port Harcourt, ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ ọ: "Ìwọ kúkú lo wà níbẹ̀, bá wa ṣètò ẹ̀." Ọ̀rọ̀ tí ẹnu sọ wéré ni, iṣẹ́ ọdún kan ó lé ni. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò, níbi tó ti lè dùn àti níbi tó ti máa ń bàjẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú ènìyàn tó wà nínú sẹ́ẹ̀tì yìí. October 1979 ni ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú UPN sọ ilé ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel. Ilé ìwé tuntun yọ ní abúlé àti ní ìgboro bí olú. Ọmọ àgbẹ̀, ọmọ ìyá alákàrà, ọmọ tíṣà àti ọmọ dókítà jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Àwọn kan ṣe é dópin, wọ́n lọ yunifásítì. Àwọn kan kúrò ní Form Three, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ rírán aṣọ tàbí iṣẹ́ mẹkáníìkì. Lónìí, àtẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ gáàsì ní Bonny àtẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Mile 3, ọmọ kíláàsì kan náà ni wọ́n lè jẹ́, wọ́n sì lè ti gbé Port Harcourt fún ogún ọdún láì mọ̀ pé àwọn jọ wà níbẹ̀.

Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àgbà ti borí ìṣòro yìí. King's College ti 1909, Baptist Boys' High School Abẹ́òkúta ti 1923, Government College Ìbàdàn ti 1929, Christ's School Adó-Èkìtì ti 1933: gbogbo wọn ló ní ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tó ti dúró dáadáa, tó ní akọ̀wé, tó ní owó oṣù tàbí owó ọdún, tó ní ẹ̀ka káàkiri. Ilé ìwé tó yọ ní 1979 sí 1980 kò ní irú ẹ̀. WhatsApp ni gbogbo ohun tí púpọ̀ nínú wọn ní. Nítorí náà, bí sẹ́ẹ̀tì yín bá pàdé ní Port Harcourt, ó lè jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ máa rí ara yín lójúkojú láti ọjọ́ tí ẹ kọ ìdánwò àṣekẹ́yìn nìyẹn.

Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí kì í ṣe àṣà òyìnbó lásán o. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà Ojúde Ọba, àwọn regbéregbé ló máa ń jó wọ ojúde Awùjalẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀. Ọjọ́ orí ló so wọ́n pọ̀, kì í ṣe owó, kì í ṣe ìdílé. Ọba Sikiru Adétọ̀nà, tó wàjà ní July 2025, ló gbé ètò náà dìde padà láyé tirẹ̀. Sẹ́ẹ̀tì kọ́lẹ́ẹ̀jì ni regbéregbé ìran tiwa. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n mọ orúkọ ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ tiwọn, àwa ò tíì mọ̀ ọ́n.

Orúkọ ṣáájú gbọ̀ngàn

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Bí wọ́n bá ti yan alága, gbọ̀ngàn ni wọ́n máa kọ́kọ́ lọ wò, wọ́n á wá yan àwọ̀ ankara, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá béèrè pé ènìyàn mélòó ló ń bọ̀. Ẹ yí i padà. Ìwé orúkọ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì fún un ní oṣù mẹ́ta, ó kéré tán.

Ẹ yan ènìyàn kan fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, láti A títí dé ibi tí ó bá parí sí. Kí ó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó rántí láti Form One, kì í ṣe àwọn tó parí nìkan. Ẹni tó kúrò ní Form Two nítorí bàbá rẹ̀ kú, ẹ kọ ọ́. Ẹni tó tún kíláàsì kà tó wá bọ́ sí sẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì bi í léèrè sẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ bá jókòó. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń sọ pé "ẹni tí kò gba ìwé ẹ̀rí kì í ṣe ọmọ sẹ́ẹ̀tì wa." Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹni tó bá yín mu gàrí nínú ike kan náà fún ọdún méjì, sẹ́ẹ̀tì yín ni.

Bí ilé ìwé bá ṣì ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ àtijọ́, ẹ rán ẹni tó wà nílé lọ ya fọ́tò rẹ̀. Bí kò bá sí, fọ́tò Form Five tí gbogbo yín yà níwájú ilé ìwé á ṣe púpọ̀. Ẹ fi í síta, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa pe orúkọ àwọn tó mọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ibi tó ń gbé, nọ́ńbà rẹ̀, ẹni tó rí i kẹ́yìn.

Àwọn mẹ́ta kan máa wà tí ẹ ní láti fara balẹ̀ lé lórí. Àkọ́kọ́ ni ẹni tí kò sí lórí WhatsApp rárá, tó jẹ́ pé fóònù kékeré ló ń lò: ẹ pè é, ẹ má retí kó rí ìkéde. Èkejì ni ẹni tó rí gbogbo rẹ̀ tí kò sì fèsì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìtìjú ni. Ó ń wo fọ́tò àwọn tó ti di ọ̀gá, ó ń wo ara rẹ̀, ó ń dákẹ́. Ẹ má rán alága sí i. Ẹni tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ni kó pè é, kó bá a sọ̀rọ̀ ilé, kó má kọ́kọ́ dárúkọ owó. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí wọ́n ní ó ti kú. Ẹ wá ìdílé rẹ̀ kàn kí ẹ tó kọ ọ́ sínú ìwé òkú. "Mo gbọ́ pé" kò tó. Kò sí ohun tó burú tó kí wọ́n máa dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan nítorí ẹni tó wà ní Sàpẹ́lẹ́ tó ń ta igi.

Ẹni ọdún 12 tó wọ Form One ní 1981 ti ń lọ sí 57 báyìí. Òṣìṣẹ́ ìjọba máa fẹ̀yìn tì ní 60, tàbí tó bá ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí epo rọ̀bì àti iṣẹ́ báńkì gbé wá sí Rivers ló ti ń di ẹrù wọn palẹ̀ láti padà sílé. Bí ẹ bá dúró de àádọ́ta ọdún, ẹ ò ní bá wọn ní Port Harcourt mọ́, ìwé òkú á sì ti gùn sí i.

Owó

Owó ni kẹ̀kẹ́ ìyìn rere, òun náà ló sì ń da kẹ̀kẹ́ ọ̀hún nù. Ohun tó ń lé ènìyàn kúrò nínú ìpàdé àtúnrí kò ju owó tí wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn dá lọ dọ́gba-dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kan ṣe àpẹẹrẹ. Iye tí mo fẹ́ lò yìí kì í ṣe iye ọjà o, ọ̀nà ìṣirò ni mo fẹ́ fi hàn. Ká sọ pé gbogbo ìnáwó jẹ́ ₦3,000,000, ènìyàn 60 ló sì ń bọ̀. Bí ẹ bá pín in dọ́gba, ₦50,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá fi owó ọkọ̀ láti Ìbàdàn àti owó yàrá alẹ́ méjì kún un. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń dúró de owó ìfẹ̀yìntì, á kàn sọ pé ara òun kò yá ni.

Ọ̀nà míì rèé. Ẹ dá iye kan tí ẹni tó ní owó tó kéré jù lè san, kí ẹ ní ₦15,000. Ènìyàn 60 lọ́nà ₦15,000 jẹ́ ₦900,000. Ó ku ₦2,100,000. Bí 20 nínú yín tí Ọlọ́run ti bùkún bá fi ₦105,000 kún tiwọn, ó ti pé. Kì í ṣe ẹ̀bùn tí wọ́n máa kéde lórí makirofóònù. Akápò nìkan ni kó mọ ẹni tó fi kún un àti iye tó fi kún un. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe "ọ̀gá wa tó gbé ẹ̀rọ amúnáwá wá", àwọn tó san ₦15,000 ti di àlejò lórí ìjókòó ara wọn nìyẹn. Mo mọ̀ pé àwa Yorùbá fẹ́ràn kí wọ́n kí wa ní gbangba. Kí ìyẹn dúró de òde ìgbéyàwó.

Ti aṣọ ẹbí náà ńkọ́? Ọjọ́ kan ṣoṣo, aṣọ kan ṣoṣo, kó má sì wọ́n. Sẹ́ẹ̀tì míì kì í rà aṣọ rárá: fìlà tàbí gèlè tó ní àwọ̀ yunifọ́ọ̀mù àtijọ́ ni wọ́n máa ń dé, ẹnì kọ̀ọ̀kan á wọ ohun tó bá ní sí i. Ìyẹn wù mí ju ankara yáàdì mẹ́fà lọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ lo funfun ní Port Harcourt, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó dáwọ́ lé e. Láti òpin 2016 ni ará ìlú ti ń ráhùn lórí èérú dúdú tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run, láti ọwọ́ àwọn tó ń fọ epo nínú igbó láì gbàṣẹ. Ó ti dínkù sí bó ṣe rí nígbà kan, àmọ́ agbádá funfun kì í pẹ́ sọ fúnni.

Àkáǹtì tí owó máa wọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni méjì tó máa fọwọ́ sí i, kó má jẹ́ ti alága nìkan. Nọ́ńbà àkáǹtì náà, kí akápò fi ohùn ara rẹ̀ kà á sínú ẹgbẹ́ WhatsApp. Àwọn gbájúẹ̀ ti ń gba fóònù onífóònù, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ bíi pé akápò ló kọ ọ́, wọ́n á ní "àkáǹtì ti yí padà." Ẹni tó bá rí irú ẹ̀, kó pe akápò kó tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́.

Ìgbà wo ni kí ó jẹ́?

Òjò Port Harcourt kì í ṣe òjò Òṣogbo. Láti June títí wọ October, ó lè rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ojú títì á sì kún fún omi. Ẹ yọ àwọn oṣù yẹn kúrò. Ní December, owó ọkọ̀ òfuurufú máa ń gbẹ́sẹ̀ lókè, ọyẹ́ a sì máa dá ọkọ̀ òfuurufú dúró láti ìparí ọdún wọ February. January, owó ilé ìwé ọmọ ló wà lórí gbogbo ènìyàn. Ààwẹ̀ Ramadan ní 2026 àti 2027 bọ́ sí February wọ March, ti 2028 á bẹ̀rẹ̀ láti ìparí January. Ẹ má sọ fún mi pé sẹ́ẹ̀tì Yorùbá kan wà tí kò ní mùsùlùmí nínú.

Ó wá ku November. Òjò ti ń palẹ̀ mọ́, ọyẹ́ kò tíì dé, owó ọkọ̀ kò tíì gòkè. Ìparí ọ̀sẹ̀ kejì nínú November ni mo máa mú, kí ẹ sì kéde rẹ̀ ní oṣù 12, ó kéré tán, kó tó pé, kí ẹni tó wà ní London tàbí Houston lè gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Old GRA?

Ọdún 1913 ni wọ́n fi orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà Gẹ̀ẹ́sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, sọ ìlú yìí. Èédú tí wọ́n rí ní agbègbè Enugu ló bí i: wọ́n fẹ́ ibùdókọ̀ òkun tí wọ́n máa gbé e gbà, rélùwéè sì so Enugu mọ́ ọn ní 1916. Àwọn òyìnbó ìjọba ya apá kan sọ́tọ̀ fún ara wọn, pẹ̀lú ilé onígbàlà fífẹ̀ àti igi ńlá, ó jìnnà díẹ̀ sí ibi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé. Ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ yẹn ni Old GRA. Ẹni tí kò lè wọ ibẹ̀ láyé ìgbà yẹn àfi tó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀, ọmọ rẹ̀ lè ṣe ayẹyẹ níbẹ̀ lónìí.

Fún àlejò tí kò mọ ìlú, àdúgbò náà rọrùn. Ó dákẹ́, ó ní hòtẹ́ẹ̀lì kéékèèké àti ńláńlá, Port Harcourt Club tó ti wà láti 1928 wà níbẹ̀. Ilé ìwòsàn Braithwaite àtijọ́, tó ti di Rivers State University Teaching Hospital, wà nínú àdúgbò kan náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ènìyàn 60 tó ti sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, tí wọ́n máa jó di òru, tí ìfúnpá àti ìtọ̀ ṣúgà sì wà lára àwọn kan: ó yẹ kí ìgbìmọ̀ mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn kí wọ́n tó mọ ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ẹ ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ oògùn tó ń lò àti nọ́ńbà ẹni tí wọ́n lè pè sí ẹ̀yìn káàdì tó máa so mọ́ ọrùn.

Ibì kan wà tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra. Ilé Ìjọba kò jìnnà sí gbogbo ibi tí mò ń sọ yìí. Bí àlejò ńlá bá dé, tàbí bí òṣèlú bá gbóná, wọ́n lè dí ọ̀nà. Láti March 18, 2025 ni Ààrẹ Tinubu ti kéde ìjọba pàjáwìrì ní Rivers, oṣù mẹ́fà gbáko ló sì lò. Nítorí náà, nínú ìwé àdéhùn tí ẹ bá bá hòtẹ́ẹ̀lì kọ, ẹ jẹ́ kó hàn kedere iye tí wọ́n máa dá padà bí ọjọ́ bá yẹ̀, àti ìgbà tí wọ́n máa dá a padà. "A jọ mọ ara wa" kì í ṣe àdéhùn.

Ẹ lọ wo hòtẹ́ẹ̀lì náà lálẹ́, ẹ má lọ lọ́sàn-án nìkan. Ṣé iná máa ń wà? Ta ló ń ra dísù? Ṣé omi ń jáde lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì? Ṣé yàrá tó wà nísàlẹ̀ tó fún àwọn tí orúnkún ń dùn? Ẹ bi wọ́n ní iye yàrá tí ẹni méjì máa jọ sùn. Ẹni tí kò bá lè san owó Old GRA, hòtẹ́ẹ̀lì tó rọjú wà ní D-Line, kò jìnnà. Àmọ́ ohun tó dára jù ni kí àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀tì tó ń gbé Port Harcourt gba ẹnì kan tàbí méjì sílé. A kì í jẹ́ kí ọmọ ìyá ẹni wá sí ìlú tí a ń gbé kó lọ sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì nítorí pé kò sí ẹni tó ní "máa bọ̀ nílé".

Ní ti ọ̀nà, ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó dé Omagwa kò ju bíi wákàtí kan lọ, àmọ́ Omagwa ṣì jìnnà sí Old GRA, ó lé ní ogún kìlómítà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì wà lọ́nà. Ẹ ṣètò bọ́ọ̀sì kan tó máa kó àwọn tó bá jọ balẹ̀. Àwọn tó bá gba ilẹ̀ wá, kí wọ́n pa owó pọ̀ gba bọ́ọ̀sì kan láti Ìbàdàn, kó gbé àwọn ará Oǹdó ní Ọ̀rẹ̀, kó gba Benin àti Asaba, kó sọdá odò ní Onitsha, kó wá gba Owerri wọlé. Àwọn míì máa ń gba Warri àti Patani; ẹ béèrè bí títì East-West ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn gan-an kẹ́ ẹ tó gbà á. Ọ̀nà yòówù kó jẹ́, ìdájí ni kí wọ́n gbéra, kí ilẹ̀ má ṣú bá wọn lójú títì. Èyí kì í ṣe ohun tí ìgbìmọ̀ máa dìbò lé lórí.

Ọjọ́ mẹ́ta náà

Ọjọ́ Ẹtì, ìsinmi ni. Kí ètò kankan má bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó kí Jímọ̀ tán. Nírọ̀lẹ́, ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní káàdì tí ẹ kọ orúkọ tí wọ́n ń pè é ní ilé ìwé sí gàdàgbà, pẹ̀lú ìnagijẹ rẹ̀ bí kò bá bínú sí i. Irun ti funfun, ikùn ti yọ, obìnrin ti yí orúkọ padà. Láìsí káàdì, ènìyàn á kàn máa rẹ́rìn-ín sí ẹni tí kò mọ̀. Oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ yẹn, bọ̀ọ̀lì ni kí ẹ fi ṣe. Bọ̀ọ̀lì Port Harcourt kì í ṣe ti wa tí a ń fi ẹ̀pà jẹ. Ẹja yíyan àti ọbẹ̀ ata elépo ló ń bá a rìn. Ẹ gbé àmàlà sílẹ̀ de ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ sì ní kí ará Ìbàdàn gbé èlùbọ́ dání.

Àárọ̀ Sátidé ni ọkàn gbogbo ètò náà. Ẹ ṣe asẹ́ḿbìlì. Kí ẹni tó jẹ́ mọ́nítọ̀ kíláàsì kọ̀ọ̀kan gbé ìwé orúkọ Form One dìde, kó máa pè é bó ṣe wà lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, láti A dé ìparí. Ẹni tó bá wà á dáhùn. Ẹni tí kò lè wá, ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn á sọ ibi tó wà. Ẹni tó ti kú, alájùmọ̀jókòó rẹ̀ ni kó dìde dúró, kó má sọ̀rọ̀. Kò gba wákàtí kan. Ẹ má fi sí àárín ijó alẹ́ Sátidé, nígbà tí DJ ń dúró, bí mo ṣe ń rí i tí àwọn kan ń ṣe. Ọ̀wọ̀ àwọn òkú kò sí nínú ìyẹn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìpàdé. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àkànṣe máa ń jà níbẹ̀: kíkun kíláàsì, gbígbẹ́ kànga, ríra kọ̀ǹpútà. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá tíṣà yín kan ṣì wà láyé, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí kò rí owó oògùn rà. Ẹ sì béèrè ọmọ ta ni nínú àwọn òkú yín tó dá ilé ìwé dúró. Kíláàsì tí ẹ bá kùn, ìjọba ló ni ín. Tíṣà yẹn, ẹ̀yin lẹ ni ín.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹ lè kó àlejò rìn díẹ̀. Isaac Boro Park wà nítòsí, wọ́n fi sọrí ọmọ Ìjọ tó kéde orílẹ̀-èdè Niger Delta ní February 1966. Ní Old GRA fúnra rẹ̀, òpópónà kan wà tó ń jẹ́ Ernest Ikoli. Ọmọ Nembe ni, King's College Èkó ló kàwé, òun ni olóòtú àkọ́kọ́ fún Daily Times. Nígbà tó du ipò ní 1941 pẹ̀lú Samuel Akínsànyà, ọmọ Ìjẹ̀bú, Ikoli ni Awólọ́wọ̀ gbè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Ìjẹ̀bú lòun náà. Ẹ ya fọ́tò síbẹ̀. Ẹ sì fi Lagos Bus Stop hàn wọ́n nínú ìgboro, kí wọ́n lè mọ̀ pé Èkó ti ṣáájú wọn dé.

Alẹ́ Sátidé, ẹ jó. Sunny Adé, Obey, Barrister, Kollington, orin ìgbà tí ẹ wà ní Form Four. Kí DJ sì fi Rex Lawson, ọmọ Kalabari, kún un láti fi kí àwọn onílẹ̀. Kí orin parí ní aago 11. Ọjọ́ Àìkú, kí àwọn kìrìsìtẹ́nì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì sì ti gbéra ní kùtùkùtù. Ẹ di oúnjẹ fún wọn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, akápò gbọ́dọ̀ fi gbogbo ìṣirò síta, pẹ̀lú rìsíìtì, títí dórí owó omi. Ẹ tẹ fọ́tò méjì-mẹ́ta sórí bébà fún ìdílé àwọn tó ti kú, ẹ má fi ránṣẹ́ lórí fóònù nìkan. Kí ẹni tí bẹ́ǹṣì so pọ̀ mọ́ àwọn tí kò wá pè wọ́n padà kí oṣù náà tó parí. Ìwé orúkọ, kí ẹ da á kọ ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún akọ̀wé, ọ̀kan fún ilé ìwé, ọ̀kan fún ẹni tó bá máa gba sẹ́ẹ̀tì lálejò nígbà tó kàn.